Okùn Àwọ̀n Lẹ́nu Ọ̀nà Mi

Mo lóṣòó sórí iyanrìn, mò ń ká okùn àwọ̀n, nígbà tí òkun kúrò ní ipò rẹ̀. Bí ó ṣe rí lójú mi nìyẹn. Omi tó wà níwájú mi gbéra, ó gba apá òsì lọ, àwọn igi àgbọn tó wà lẹ́yìn mi sì yí wá síwájú. Mo di okùn náà mú. Okùn náà ń yí pẹ̀lú mi. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti wà nílẹ̀, mo sì ń bì.

Oòrùn ti mú díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àwa bí ogún la wà létí òkun. Hunsu, ọ̀rẹ́ mi tó ni àwọ̀n, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bàbá Sẹ́nami, ta ló fún ẹ lọ́tí láàárọ̀ yìí tí o ò fi pè mí?"

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín, nítorí gbogbo wọn mọ̀ pé n kì í mutí. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo la ẹnu, èébì ló tún jáde. Ẹ̀rín wọn dá.

Ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni mí. Èdè Ègùn ni a ń sọ nílé wa. Mo ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún kí n tó jókòó sí kíláàsì fún ìgbà àkọ́kọ́, ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà tí wọ́n ń ṣe nírọ̀lẹ́ ní Ajara. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀. Ìyàwó mi ló fi orúkọ mi sílẹ̀ níbẹ̀ láì bi mí. Ó kú ní ọdún mẹ́rin ṣáájú àìsàn yìí. Mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí nítorí ẹni tí irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí, tí kò ní mọ ohun tó ń ṣe é, gẹ́gẹ́ bí èmi náà kò ṣe mọ̀.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí. Àwọ̀n ńlá là ń fà ní etí òkun Badagry. Orí okùn kan yóò wà lọ́wọ́ àwọn tó wà lórí iyanrìn. Ọkọ̀ yóò gbé àwọ̀n kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́, yóò yí po, yóò sì gbé orí okùn kejì padà wá sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ènìyàn yóò tò sí ìlà méjì, tí wọn yóò máa fà á títí ẹja yóò fi dé. Èmi ni mo ń darí ọkọ̀. Ìdí ọkọ̀ ni mo máa ń dúró sí, pẹ̀lú àjẹ̀ gígùn, lójú ìgbì. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣubú.

Àṣà kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí òǹkàwé fi sọ́kàn. Ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan okùn yóò gba ẹja. Ó lè jẹ́ àlejò, ó lè jẹ́ arúgbó, ó lè jẹ́ ẹni tó kàn ń kọjá lọ. Ẹni tí kò bá fọwọ́ kàn án kì í retí nǹkan kan.

Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lórí omi mọ̀ pé bí ènìyàn bá pẹ́ lórí ìgbì, ilẹ̀ á ṣì máa mì lábẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá délé. A máa ń sọ pé òkun bá a wá sílé. Ìtọ́jú tí a mọ̀ fún un ni pé kí ó dùbúlẹ̀, kí ó má mira, títí òkun yóò fi padà síbi tó ti wá. Ìgbì sì le lọ́sẹ̀ náà. Nítorí náà, nígbà tí Hunsu àti ẹnìkan gbé mi délé, mo sọ fún wọn pé òkun ló bá mi wá, kí wọ́n máa lọ. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn.

Mo dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. N kò lè la ojú, nítorí bí mo bá là á, ògiri á máa sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò ní dúró. Bí mo bá yí sí apá òsì, èébì ni. Mo ń rá kòrò lọ sí ilé ìtọ̀, mo sì ń fi orí ti ògiri kí n lè mọ ibi tí òkè wà. Orí kò fọ́ mi. Etí mi ń gbọ́ràn dáadáa. Ọ̀fìnkìn ti ṣe mí lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ṣùgbọ́n n kò ka ìyẹn sí. Ọkùnrin tó ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí wa ní ibà ni. Mo lo oògùn ibà, kò tu mí lára. Ó wá fún mi ní oògùn oníhóró kékeré kan tó ní ó ń dá òòyì dúró. Èyí mú mi sùn. Mo fẹ́ràn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta Hunsu gbé abọ́ ẹja wá. Mo ní kí ó gbé e padà.

"Kí ló dé?"

"N kò fọwọ́ kan okùn."

Ó gbé abọ́ rẹ̀ lọ. Kí n má purọ́, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe báyìí. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, mo máa ń ṣe iṣẹ́ mi, màá gba ẹja mi, màá sì lọ sílé. N kì í jókòó sábẹ́ igi àgbọn pẹ̀lú àwọn yòókù mọ́. Èmi nìkan ni mò ń dáná, èmi nìkan ni mò ń jẹun. Mo rò pé ẹni tí kò bá gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Sẹ́nami. Morogbo ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ó dé lọ́jọ́ kẹrin.

"Bàámi, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ fún mi lórí fóònù pé ara yín le?"

"Ó le."

"Ẹ dìde kí n rí i."

Mo dìde. Ògiri ni mo dì mọ́. Ó lọ pe kẹ̀kẹ́.

Ní ilé ìwòsàn, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Mo gbé ojú lé ìṣó kan tó wà lára ògiri, nítorí òun nìkan ni kò fẹ́ lọ. Nígbà tí wọ́n pè wá, mo rìn bí ẹni tó ti mu àgbá ẹmu kan. Obìnrin kan fa ọmọ rẹ̀ kúrò lọ́nà mi. Ojú tì mí ju bí èébì ṣe ń gbé mi lọ.

Ọ̀dọ́ ni dókítà náà. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi. Ó ní kí n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí n rẹ́rìn-ín, kí n yọ ahọ́n, kí n sọ orúkọ mi. Mo mọ ohun tó ń wá. Rọpárọsẹ̀ ló pa bàbá mi. Sẹ́nami náà mọ̀ ọ́n, ó di ẹ̀wù mi mú lẹ́yìn bí ìgbà tó wà ní kékeré. Dókítà ní kí n máa wo imú òun, ó sì yí orí mi lójijì sọ́tùn-ún, ó tún yí i sósì. Lẹ́yìn náà ó jókòó.

"Bàbá, kì í ṣe rọpárọsẹ̀. Etí yín ni, ti apá òsì."

Mo ní etí mi ń gbọ́ràn. Ó ní kì í ṣe ti gbígbọ́. Bí mo ṣe lóye àlàyé rẹ̀ nìyí. Nínú etí lọ́hùn-ún, níbi tí ọwọ́ kò lè dé, ohun kékeré kan wà tó ń sọ fún ọpọlọ bóyá orí wa dúró tàbí ó ń yí. Ọ̀tún ní tirẹ̀, òsì ní tirẹ̀. Iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń gbé ìròyìn náà lọ sínú ọpọlọ. Àìsàn bí ọ̀fìnkìn lè mú kí iṣan yìí wú. Bí ó bá wú ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ náà á dákẹ́, èkejì á sì máa sọ̀rọ̀ lọ. Ọpọlọ á rò pé ara ń yí nígbà tí ara jókòó jẹ́ẹ́. Ó ní kì í pani. Ó ní iṣan náà lè má padà bọ̀ sípò tán, ṣùgbọ́n ọpọlọ lè kọ́ bí yóò ṣe máa fi ẹ̀gbẹ́ kan ṣiṣẹ́, bí ènìyàn bá ń dìde, tó ń rìn, tó ń yí orí. Kí n má lo oògùn òòyì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Kí n má dùbúlẹ̀ mọ́.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo délé, mo dùbúlẹ̀.

Mo fẹ́ sọ èyí láìfi bò, nítorí ẹlòmíràn lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo bá dìde, yàrá á gbọ̀n. Bí mo bá sùn, gbogbo nǹkan á dákẹ́. Mo ra oògùn oníhóró kékeré náà sí i, mo sì lò ó fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Yíyí líle ti lọ nígbà náà. Ohun tó kù ni pé ilẹ̀ rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí ẹní tí a tẹ́ sórí omi. Ẹlòmíràn ti gba àjẹ̀ mi nínú ọkọ̀.

Lọ́jọ́ kan Sẹ́nami bá mi nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. N kò farapa púpọ̀, ṣùgbọ́n ó jókòó tì mí, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́.

"Bí oṣù tó ń bọ̀ bá parí, tí ẹ ò bá lè dá rìn láti ibí dé etí òkun, mò ń kó yín lọ sí Morogbo. Ọkọ mi ti tún yàrá kan ṣe."

"Kí ni màá máa ṣe ní Morogbo?"

"Ẹ ó máa wà láàyè."

Etí títì márosẹ̀ ni Morogbo, ariwo ọkọ̀ ló wà níbẹ̀. Ilé tí mò ń gbé, èmi àti ìyàwó mi la jọ kọ́ ọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ibojì ìyàwó mi wà. Láti ẹnu ọ̀nà mi dé etí omi kò ju igba ìṣísẹ̀ lọ. N kò lè rin ogún.

Sẹ́nami mú mi padà sí ilé ìwòsàn. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n fi wá ránṣẹ́ sí obìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ aláìsàn bí yóò ṣe tún lo ara rẹ̀. Ó béèrè oògùn tí mò ń lò. Mo mú un jáde. Ó fi sínú àpótí tábìlì rẹ̀, ó sì ti àpótí náà. Ó ní oògùn yìí ló ń mú ọpọlọ mi sùn nígbà tó yẹ kó máa kẹ́kọ̀ọ́. Ó kọ́ mi ní ohun tí màá máa ṣe. Kí n gbé àtàǹpàkò sókè níwájú ojú mi, kí n máa wò ó, kí n sì máa yí orí sọ́tùn-ún sósì. Kí n pa ẹsẹ̀ pọ̀, kí n dúró, kí n wá di ojú. Kí n máa rìn lórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú. Ó ní yóò kọ́kọ́ mú òòyì pọ̀ sí i, kí n má bẹ̀rù, bí ó ṣe ń wò sàn nìyẹn.

"Ta ni yóò máa dúró tì yín kí ẹ má baà ṣubú?"

Mo ń wo àpótí tó ti oògùn mi mọ́. Ó wá kọ ọ́ sínú ìwé, lábẹ́ gbogbo èyí tó kù, bí ẹni tó ń kọ oògùn: *Ènìyàn kan, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́.*

Mo ká ìwé náà, mo fi sápò. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ fún Hunsu, yóò wá. N kò lè sọ ọ́. Mo dá a ṣe nínú yàrá, mo ṣubú lọ́jọ́ kejì, etí tábìlì sì la ìpéǹpéjú mi. Hunsu gbé ẹja wá lọ́jọ́ náà gan-an. Mo tún dá a padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo gbọ́ tí nǹkan ń wọ́ nílẹ̀ níta. Mo di férémù ilẹ̀kùn mú, mo yọjú. Hunsu ló ń bọ̀ láàárín igi àgbọn, ó ń làágùn, ó ń fa okùn kan lẹ́yìn. Ó ti so okùn àtijọ́ mọ́ ìdí okùn àwọ̀n, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ju orí rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ mi.

"Dì í mú."

"Kí nìyí?"

"Okùn ni. Àbí òòyì ti jẹ́ kí o gbàgbé?"

"Hunsu, n kò lè fà."

"Ta ló ní kí o fà? Àwọn tó lágbára ju ẹ lọ wà nísàlẹ̀, wọ́n ń fà. Ìwọ dì í mú. Bí o bá tún dá ẹja mi padà, màá dà á lé ẹ lórí."

Ó yí padà, ó lọ. Mo jókòó sórí àga ní ẹnu ọ̀nà, mo fi ọwọ́ méjèèjì mú okùn. Fún ìgbà pípẹ́ kò sí nǹkan. Lẹ́yìn náà ó mì. N kò rí wọn nítorí àwọn igi, ṣùgbọ́n mo mọ ìgbà tí wọ́n fi ẹsẹ̀ walẹ̀, mo mọ ìgbà tí wọ́n sinmi, mo mọ ìgbà tí ìgbì gba àwọ̀n lọ́wọ́ wọn díẹ̀. Bí okùn ṣe ń tú sílẹ̀ ni mò ń ká a. Láti ká okùn, orí ní láti lọ sílẹ̀, kó padà sókè. Òòyì kọ́ mi. N kò jáwọ́, nítorí bí gbogbo nǹkan ṣe ń yí tó, okùn náà kò yí. Ìdí rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tí ẹsẹ̀ wọn dúró.

Nígbà tí Hunsu gbé abọ́ dé, ó dì í mú lókèèrè.

"Ọwọ́ rẹ kan okùn àbí kò kàn án?"

"Ó kàn án."

"Sọ ọ́ sókè."

"Ó kàn án, jàre. Gbé ẹja wá."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. A sun ẹja náà, a sì jẹ ẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti jẹun pẹ̀lú ènìyàn kẹ́yìn nínú ilé yẹn. Nígbà tí a jẹun tán, mo mú ìwé jáde nínú àpò. Hunsu kò mọ̀ọ́kà, nítorí náà mo kà á fún un. Mo dé ìlà ìkẹyìn, mo sì kà á.

"Ènìyàn kan," ni ó wí. "Ìyẹn nìkan?"

"Lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́."

"Ó dáa. Èmi á máa wá láàárọ̀, ìyàwó mi á máa wá nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún ẹ o, obìnrin yẹn ò mọ̀ pé ó máa ń rẹ ènìyàn."

Òótọ́ ló sọ. Bí mo bá dijú tí mo fẹ́ wó, ìyàwó Hunsu á fi ìka kan ṣoṣo tì mí padà. "Bàbá Sẹ́nami, ẹ kò tíì dúró dé kíkà ọgbọ̀n. Mẹ́rìndínlógún la ṣẹ̀ṣẹ̀ kà. Ṣé bí ẹ ṣe ń kàwé ní Ajara nìyí?" Bí mo bá ní ó tó, á ní òun ò gbọ́, pé etí òun náà ń dùn ún. Mo bínú sí i. Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í retí ìrọ̀lẹ́.

Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí n tó kíyè sí ohun tí Hunsu ń ṣe. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ó ń tú okùn àtijọ́ kan kúrò. Orí okùn kò dé ẹnu ọ̀nà mi mọ́, ìdí igi àgbọn àkọ́kọ́ ló mọ. Mo ní láti lọ bá a níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ibi tí a ti ń sá ẹja. Lẹ́yìn náà, ibi tí koríko ti pin. Àwọn ọjọ́ kan dára. Àwọn ọjọ́ kan, mo jí, ilẹ̀ sì tún rọ̀, mo sì jókòó sí ààrin ọ̀nà bí ọmọdé. Mo sunkún lẹ́ẹ̀kan. Hunsu jókòó tì mí, ó ń wo òkun bí ẹni tí kò rí mi.

Ní ìparí oṣù, Sẹ́nami dé pẹ̀lú báàgì ńlá méjì tí kò sí nǹkan nínú wọn. Ó kan ilẹ̀kùn, kò bá ẹnikẹ́ni. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹ̀rù bà á débi pé ó wo inú kànga. Ó wá gbọ́ orin àwọn tó ń fa àwọ̀n, ó sì gba àárín igi àgbọn sọ̀kalẹ̀.

Èmi ló kẹ́yìn lórí ìlà. Ìdí okùn ni mo wà, níbi tí wọ́n ń fi àwọn àgbà sí, mò ń ká ohun tí wọ́n ń fà wá. Kò sí okùn àtijọ́ kankan nídìí rẹ̀ mọ́. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí iyanrìn, mo sì yí orí mi wò ó. Mo yí i kíákíá. N kò ṣubú.

"Ta ló mú yín dé ibí?"

"Ẹsẹ̀ mi."

"Ẹ̀yin nìkan?"

Mo wo ìlà tó wà níwájú mi, ẹ̀yìn bí ogún tó tẹ̀ papọ̀. "Rárá," ni mo wí.

Ó ju báàgì méjèèjì sílẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó sì di okùn mú níwájú mi. Hunsu kígbe láti iwájú pé kí ẹnikẹ́ni má gba ọmọ Morogbo láyè, pé torí ẹja ló ṣe wá. Nígbà tí a pín ẹja, ó fún un ní tirẹ̀. Inú ọ̀kan nínú báàgì náà ló kó o sí lọ sílé.

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. N kò padà sí ìdí ọkọ̀, n kò sì ní padà. Etí mi òsì kò bọ̀ sípò tán. Bí n kò bá sùn dáadáa, tàbí tí ọ̀fìnkìn bá ṣe mí, ilẹ̀ máa ń rọ̀ díẹ̀, mo sì mọ̀ pé kí n rìn, kí n má sùn. Ẹni tí òòyì bá kọ́ lójijì, kí ó má ṣe bí mo ti ṣe, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ẹnu bá wọ́, tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kò lágbára, tí ọ̀rọ̀ kò já gaara, tí ohun kan ń di méjì lójú, tí orí fọ́ gidi, tàbí tí etí kò gbọ́ràn mọ́ lójijì, kí ó má dúró rárá.

Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ara mi ló ń dá dúró. Nísinsìnyí mo mọ̀ pé ohun kékeré kan nínú etí ló ń dì mí mú láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ọ̀kan ti dákẹ́. Mo ń dúpẹ́ fún èkejì. Inú mi ń dùn láàárọ̀ nígbà tí mo bá fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ tí ilẹ̀ sì dúró. Ó tún máa ń dùn sí i nígbà tí mo bá jókòó sábẹ́ igi àgbọn lẹ́yìn iṣẹ́, tí wọ́n ń bú ara wọn, tí wọ́n sì ń bú mi mọ́ ọn.

Ìwé tí obìnrin náà kọ ṣì wà lára ògiri mi. Mo ń kà á nígbà mìíràn. Ènìyàn kan ló ní kí n máa lò, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lò ju ìwọ̀n tó kọ fún mi lọ.